Oògùn Ọgbẹ́ Tí Ó Di Ìdènà: Ìtàn Bí Ọmọ Aráyé Ṣe Mọ Ohun Tí Ń Mú Òpó Ẹ̀jẹ̀ Nípọn

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ìtàn ogun, kì í sì í ṣe ìtàn ọba. Ìtàn ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara wa ni, nínú àwọn òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, àti ìtàn àwọn tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára.

Ní ọdún 1991, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ọkùnrin, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn dókítà ibẹ̀ rí i pé ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn rẹ̀ ti fún. Wọ́n ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ ní itan rẹ̀, fèrè rọ́bà kékeré kan sì wà lórí wáyà náà. Nígbà tí ó dé ibi tí ó fún, wọ́n mú fèrè náà wú, ọ̀nà sì là. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ lẹ́tà sílé pé òun ti gbádùn. Gbogbo agbo-ilé dúpẹ́.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, àyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ibi tí wọ́n là náà gan-an ni ó tún dí. Nígbà tí ìròyìn yìí dé ilé, kò sí ẹni tí ó ní kí á béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ohun tí àwọn àgbà sọ ni pé, "Ohun tí òyìnbó là tí ó tún padà dí, ọwọ́ ayé ni." Wọ́n wá fi ojú sí ìyàwó bàbá kan nínú agbo-ilé wa, opó tí kò bí ọmọkùnrin. Wọn kò lé e jáde, wọn kò sì nà án. Wọ́n kàn dẹ́kun jíjẹ oúnjẹ tí ó bá sè ni. Wọ́n ní kí ọmọdé má ṣe wọ yàrá rẹ̀ mọ́. Báyìí ni ó ṣe wà títí tí ó fi kú ní ọdún 1998.

Èmi náà kò jẹ oúnjẹ rẹ̀. Èmi tí mo ti ka Alùkùránì parí, tí mo sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo máa ń kí i láti ìta, n óò sì yára kọjá lọ.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo tó ka ohun tí ó là mí lójú. Ohun tí ó dí òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ara òun fúnra rẹ̀ ni. Ara náà kò sì ṣe é láti pa á. Ọgbẹ́ ni ó fẹ́ wò sàn.

Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà

Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní èdè Lárúbáwá kò gbọdọ̀ gbàgbé ibi tí ìtàn òpó ẹ̀jẹ̀ ti kàn wá. Fún ẹgbẹ̀rún ọdún, ohun tí Galen, oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́, kọ sílẹ̀ ni gbogbo ayé ń tẹ̀ lé. Ó ní ẹ̀jẹ̀ máa ń ti yàrá ọ̀tún inú ọkàn bọ́ sí yàrá òsì, tí ó ń gba àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín kan lára ògiri tí ó là wọ́n láàárín. Ní ọdún 1242, Ibn al-Nafis, ẹni tí a bí ní agbègbè Dàmásíkù, tí ó sì lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ní Káírò, kọ àlàyé sórí ìwé ìṣègùn Ibn Sina. Ó ní ògiri náà kì, kò ní ihò kankan. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ní láti jáde lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kí ó bá afẹ́fẹ́ pàdé níbẹ̀, kí ó tó padà wá sí yàrá òsì. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ni pẹ̀lú, ní ọ̀nà ti Ṣáfíì. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1288, ilé ìwòsàn Mansuri ní Káírò ni ó fi ilé rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún.

Ayé gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí títí di ọdún 1924, nígbà tí oníṣègùn ọmọ Íjíbítì kan, Muhyi al-Din al-Tatawi, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì, rí ẹ̀dà ìwé náà ní ilé-ìkàwé kan ní Berlin. Kí ó tó di ìgbà náà, William Harvey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ ìwé jáde ní ọdún 1628 pé ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ yí gbogbo ara ká. Ní ọdún 1661, Marcello Malpighi, ará Ítálì, fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀lọ́, ó sì rí àwọn òpó tín-ín-rín tí ó so òpó tí ń lọ mọ́ òpó tí ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ohun tí ń gba inú òpó kọjá ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹni tí yóò béèrè ohun tí òpó fúnra rẹ̀ ń ṣe kò tíì dé.

Ògiri tí ó ní ẹ̀mí

Ẹ má ṣe rò pé òpó ẹ̀jẹ̀ dà bíi páìpù omi ẹ̀rọ. Páìpù kò mọ ohun tí ń lọ nínú rẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀mí. Ìpele mẹ́ta ni ògiri àwọn òpó tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn ní. Èyí tí ó wà ní inú pátápátá fẹ́lẹ́ gan-an. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni sísanra rẹ̀, bí ẹni tí ó tẹ́ ẹní kan ṣoṣo sílẹ̀. Ìpele òde ni ó di òpó náà mọ́ ẹran tí ó yí i ká. Ìpele àárín ni ó nípọn. Ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan wà, tí wọ́n yí òpó po bí ìgbà tí a bá fi okùn yí ìdì igi.

Iṣan yìí yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń rìn tàbí tí a fi ń gbé ẹrù. Bí a bá fi ẹ̀rọ wo iṣan apá wa, a óò rí i pé ó ní ìlà bí aṣọ òfì. Èyí kò ní ìlà kankan. Nítorí náà ni n óò ṣe máa pè é ní iṣan ọ̀bọ̀rọ́. Kì í dúró de àṣẹ wa. Bí a sùn, bí a jí, ó ń fún, ó ń tú, kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ibi tí ó yẹ ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Nínú ara àgbàlagbà tí kò ní àrùn, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ń ṣiṣẹ́ wọn ni, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bí sí i. Kí ni ó wá ń jí wọn tí wọ́n fi ń pọ̀ títí wọn yóò fi dí ọ̀nà?

Ní nǹkan bí ìdajì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn àgbà onímọ̀ méjì kò gbà fún ara wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Karl Rokitansky ní Vienna gbà pé ohun tí ẹ̀jẹ̀ fi sílẹ̀ ni ó ń lẹ̀ mọ́ ara òpó. Rudolf Virchow ní Jámánì ní rárá, ògiri òpó fúnra rẹ̀ ni ó ń fèsì sí ohun tí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ní ọdún 1913, Nikolai Anitschkow ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ròyìn pé òun fún ehoro ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù jẹ, ọ̀rá sì kún ara òpó ẹ̀jẹ̀ wọn. Láti ìgbà náà, ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá wí. Òótọ́ ni pé ọ̀rá jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kò dá ẹ̀bi náà jẹ. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ tí ó túbọ̀ lágbára wo ibi tí ó nípọn, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó kún ibẹ̀ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì iṣan ọ̀bọ̀rọ́. Wọ́n ti kúrò ní ìpele àárín, wọ́n ti wá jókòó sí ìpele inú, níbi tí kì í ṣe ilé wọn.

Dókítà eyín kan ní Seattle

Ẹni tí ó wá rí ohun tí ń pè wọ́n jáde ni Russell Ross. Florida ní Amẹ́ríkà ni a bí i sí ní ọdún 1929, dókítà eyín sì ni kí ó tó di onímọ̀ sẹ́ẹ̀lì. Ohun tí ó gba ọkàn rẹ̀ ni bí ọgbẹ́ ṣe ń jinná. Ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, ní ọdún 1971, ó fi hàn pé òun lè mú sẹ́ẹ̀lì iṣan láti ara òpó ẹ̀jẹ̀ ẹranko, kí òun sì máa tọ́ wọn nínú àwo. Ẹni tí ó bá ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì báyìí ní láti bọ́ wọn, omi ara ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ohun tí a fi ń bọ́ wọn.

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn náà ti yí padà. Bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tí a jẹ́ kí ó dì, omi kan yóò ṣẹ́ jáde. Bí a bá sì ṣe é tí ẹ̀jẹ̀ kò fi dì, tí a wá yọ gbogbo ohun tí ó léfòó nínú rẹ̀ kúrò, omi kan náà ni yóò kù. Lójú lásán, omi méjèèjì jọra. Ṣùgbọ́n Ross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí John Glomset àti Laurence Harker wà lára wọn, rí i pé iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Nínú omi ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì, sẹ́ẹ̀lì iṣan ọ̀bọ ń bí sí i kíákíá. Nínú omi kejì, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bí.

Kí ni ó wà nínú ti àkọ́kọ́ tí kò sí nínú ti èkejì? Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dì, àwọn ègé kéékèèké kan wà nínú rẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní platelet. Amẹ́jẹ̀dì ni n óò máa pè wọ́n, nítorí àwọn ni ó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kí ẹni tí ó fara pa má baà kú sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ará Seattle dá amẹ́jẹ̀dì padà sínú omi kejì pẹ̀lú kálísíọ̀mù. Lójú ẹsẹ̀, agbára rẹ̀ di ọ̀kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ní ọdún 1974 ni wọ́n tẹ àbájáde yìí jáde. Ó ti hàn gbangba pé amẹ́jẹ̀dì gbé nǹkan kan dání tí ó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì iṣan pé kí ó máa bí sí i. Nǹkan náà ni a ń pè ní PDGF lónìí.

Ìdílé ńlá ni PDGF ti wá, ìdílé àwọn èròjà amúdàgbà. Purotéènì kéékèèké ni wọ́n, tí sẹ́ẹ̀lì kan fi ń ránṣẹ́ sí èkejì. Kì í ṣe PDGF ni a kọ́kọ́ rí nínú wọn. Rita Levi-Montalcini, ọmọbìnrin Júù ará Ítálì tí òfin ìjọba Mussolini lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, sọ yàrá rẹ̀ nílé di ibi ìwádìí nígbà ogun àgbáyé kejì. Lẹ́yìn ogun ó lọ sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni ó sì ti rí èròjà tí ń mú okùn ìmọ̀lára ara dàgbà. Òun àti Stanley Cohen ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sọ pé kò sí irinṣẹ́, ẹ rántí yàrá yẹn.

PDGF kéré nínú ẹ̀jẹ̀ débi pé ọdún 1979 ni àwọn onímọ̀ ní Boston àti ní Uppsala ní ilẹ̀ Swídìn tó rí i yà sọ́tọ̀. Ní ọdún 1983, ìyàlẹ́nu ńlá kan ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka bí apá kan rẹ̀ ṣe tò, wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ohun tí kòkòrò àìfojúrí kan fi ń fa jẹjẹrẹ sí ara ọ̀bọ. Ohun tí ń wo ọgbẹ́ sàn àti ohun tí ń fa kókó inú ara jẹ́ ìbátan. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Bí àṣẹ ṣe ń dé etí sẹ́ẹ̀lì

Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá, àtọ̀gbẹ, ọ̀rá tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, tàbí irin dókítà, gbogbo wọn lè pa òpó ẹ̀jẹ̀ lára. Bí ẹní tí a tẹ́ sínú rẹ̀ bá ya, ẹ̀jẹ̀ yóò kan ohun tí kò yẹ kí ó kàn. Amẹ́jẹ̀dì yóò wá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, wọn yóò sì tú ohun tí ó wà nínú àpò wọn, PDGF yóò jáde. Àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan tí ó fara pa yóò tú èròjà mìíràn tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́, èyí tí a ń pè ní FGF.

Kò di dandan kí èròjà wọnyí wọ inú sẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó jíṣẹ́. Ara awọ sẹ́ẹ̀lì ni àgádágodo wà, àwọn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. PDGF ní apá méjì, nítorí náà àgádágodo méjì ni ó máa ń dì mú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí àwọn méjèèjì bá ti fara kanra, ọ̀kan yóò ta èkejì jí. Àṣẹ náà yóò wá máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń na garawa omi sí ara wọn níbi tí ilé ti ń jó, títí tí yóò fi dé àárín gbùngbùn, níbi tí àkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì wà.

Nígbà náà ni sẹ́ẹ̀lì yóò yí ìwà padà. Julie Campbell àti Gordon Campbell ní Ọsirélíà wà lára àwọn tí ó ṣàlàyé èyí ní àwọn ọdún 1970. Sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa fún kí ó sì máa tú yóò pa iṣẹ́ náà tì, yóò di bíríkìlà. FGF yóò mú un bí sí i. PDGF yóò fà á kúrò ní ìpele àárín wá sí ìpele inú. Èròjà kẹta, tí a ń pè ní TGF-beta, yóò mú kí ó máa mọ okùn líle, irú èyí tí ara fi ń ṣe àpá. Ní ọdún 1991, ọdún tí àyà ń dun ẹ̀gbọ́n bàbá mi gan-an, àwọn onímọ̀ ní Seattle fi eku dán èyí wò. Nígbà tí wọ́n dí FGF lọ́wọ́, sẹ́ẹ̀lì tí ó bí sí i dínkù. Nígbà tí wọ́n dí PDGF lọ́wọ́, ohun tí ó kó jọ sí inú òpó dínkù.

Gbogbo wa ni a ti rí ẹni tí ó lu etí tàbí tí ó fi abẹ gé ara, tí ojú ọgbẹ́ náà jinná tán tí kò dúró, tí àpá náà ń wú títí ó fi di kókó. Ohun tí ó jọ ọ́ ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú òpó ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n nínú òpó tí kò fẹ̀ ju ìgbálẹ̀ díẹ̀ tí a dì pọ̀, kókó kékeré tó láti dí ọ̀nà.

Ta ni ó wá ń sọ fún wọn pé ó tó? Ẹní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú òpó ni. Ní ọdún 1977, Alexander Clowes àti Morris Karnovsky fi hàn pé heparin, oògùn tí a fi ń dènà dídì ẹ̀jẹ̀, ń dá sẹ́ẹ̀lì iṣan eku dúró kí ó má baà pọ̀ jù. Sẹ́ẹ̀lì ẹní inú òpó sì ń ṣe ohun tí ó jọ ọ́. Ní ọdún 1980, Robert Furchgott ní New York rí i pé ẹní náà ń ránṣẹ́ sí iṣan pé kí ó tú. Afẹ́fẹ́ kan tí ń jẹ́ nitric oxide ni iṣẹ́ náà, ó sì ń kó ìdàgbà iṣan níjàánu pẹ̀lú. Òun, Louis Ignarro àti Ferid Murad gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1998. Ibi tí ẹní bá ti ya, tí kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó tó, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìkọ́lé ti ń kọjá ààlà.

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé ọ̀tá ni àwọn èròjà yìí. Ní ọdún 1994, àwọn onímọ̀ ní Swídìn mú kí a bí eku láìní irú PDGF kan. Ní àsìkò ìbí ni wọ́n ń kú, tí ẹ̀jẹ̀ ń ya nínú ara wọn, nítorí òpó wọn kò lágbára. Ohun tí ó lè dí wa lọ́nà ní àádọ́ta ọdún wà lára ohun tí ó mọ wá nínú oyún.

Fèrè rọ́bà àti àwọ̀n irin

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1977, Andreas Grüntzig, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Zürich ní ilẹ̀ Swítsáláǹdì, fi fèrè rọ́bà la òpó ọkàn ọkùnrin ẹni ọdún 38 kan. Ilé ìdáná ilé rẹ̀ ni ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àwọn fèrè tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ara ọkùnrin náà yá, nígbà tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún 10, ọ̀nà náà ṣì là. Iṣẹ́ náà tàn ká ayé.

Ṣùgbọ́n fèrè tí ó la ọ̀nà ni ó tún fa ẹní inú òpó ya. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ẹni bíi 3 tàbí 4 nínú 10 ni òpó wọn máa ń tún fún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kò yàtọ̀ sí òyìnbó tí ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tí ó tẹ̀ lé tirẹ̀, ẹni tí kò ní ìyàwó bàbá kankan ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ní ọdún 1986, Jacques Puel ní Toulouse ní ilẹ̀ Faransé àti Ulrich Sigwart ní Lausanne ní Swítsáláǹdì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀n irin kékeré sínú òpó kí ó má baà wó padà. Èyí ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Síbẹ̀, nínú àwọn kan, sẹ́ẹ̀lì iṣan ń gba ojú àwọ̀n náà wọlé, bí ìtàkùn ṣe ń gba ojú ọgbà.

Erùpẹ̀ tí ó di oògùn

Ibi tí oògùn rẹ̀ ti wá kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1964, àwọn onímọ̀ láti Kánádà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Rapa Nui, erékùṣù kan tí ó dá wà nínú òkun Pàsífíìkì. Wọ́n bu erùpẹ̀ bọ̀. Nínú erùpẹ̀ náà, Suren Sehgal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal rí ohun kan tí ń pa olú wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tí ń fa àrùn. Wọ́n sọ ọ́ ní rapamycin, ní orúkọ erékùṣù náà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wọn pa iṣẹ́ náà tì, Sehgal gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sínú fíríìsà ilé rẹ̀ kí ó má baà ṣòfò.

Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé oògùn yìí ń gé ọ̀kan nínú ọwọ́ tí ń na garawa sí ọwọ́, nínú sẹ́ẹ̀lì tí èròjà amúdàgbà ti pàṣẹ fún. Ní ọdún 1995, Andrew Marks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York fi hàn pé ó ń dá sẹ́ẹ̀lì iṣan òpó ẹ̀jẹ̀ dúró. Ní oṣù kejìlá ọdún 1999, Eduardo Sousa ní São Paulo ní ilẹ̀ Bùràsíìlì fi àwọ̀n irin tí a fi oògùn yìí pa lára sínú òpó ọkàn ènìyàn. Nínú ìdánwò kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2002, aláìsàn 238 ni ó kópa. Nínú àwọn tí a fún ní irin olóògùn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí òpó rẹ̀ tún dí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Nínú àwọn tí a fún ní irin lásán, ó ju 26 lọ nínú 100.

Àwọn ènìyàn yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọdún 2006, wàhálà mìíràn yọjú. Nínú àwọn aláìsàn díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dì lójijì lórí irin náà lẹ́yìn ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn tí ó dá iṣan dúró ti dá ẹní inú òpó dúró pẹ̀lú, kò jẹ́ kí ó bo irin náà dáadáa. Wọ́n ní láti tún irin náà ṣe, kí wọ́n sì máa fún aláìsàn ní oògùn tí ń dènà dídì ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìwòsàn tí ó pọ̀ jù dí ọ̀nà. Ìwòsàn tí ó kéré jù, ẹ̀jẹ̀ dì. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ara ń béèrè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú òpó tí ọ̀rá ti kún. Àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan tí ó ṣí wá síbẹ̀ ni ó ń mọ ìbòrí líle lé ọ̀rá náà lórí. Bí ìbòrí yìí bá fẹ́lẹ́ tí ó sì bẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò dì sí i, ìyẹn sì wà lára ohun tí ń mú kí ọkàn dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ross tí ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí orí ohun kan. Ní ọdún 1999, ọdún tí ó kú, ó tún kọ̀wé pé àìsàn òpó ẹ̀jẹ̀ yìí jẹ́ ìjà tí ara ń jà, bí ojú egbò tí ó ń wú. Ó jọ ọ̀rọ̀ Virchow, lẹ́yìn ohun tí ó lé ní ogóje ọdún.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo fẹ́ kí ẹ mú nǹkan méjì nínú ìtàn yìí. Àkọ́kọ́ ni pé ẹní inú òpó ẹ̀jẹ̀ yín kì í dunni nígbà tí ó bá ń ya. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kígbe. Ẹ jẹ́ kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí wa àti tiwa, kí ẹni tí wọ́n fún ní oògùn má ṣe dá a dúró nítorí pé ara ti fúyẹ́, kí a sì jìnnà sí sìgá.

Èkejì ni ó wúwo jù lọ́kàn mi. Nígbà tí Ibn al-Nafis kò rí ihò lára ògiri ọkàn, ó sọ pé kò sí ihò, bí gbogbo àgbà tilẹ̀ ti ń sọ fún ẹgbẹ̀rún ọdún pé ó wà. Ní agbo-ilé wa ní ọdún 1991, kò sí ẹni tí ó rí ìyàwó bàbá wa kí ó ṣe ohunkóhun. A sọ pé ó ṣe é. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìmọ̀ àti àbá nìyẹn. Àbá kì í dín ìrora aláìsàn kù, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ènìyàn jẹun nìkan fún ọdún méje.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò kú nínú àìsàn náà. Wọ́n tún ọ̀nà náà là, ó sì lo ọdún mọ́kànlá sí i. Nígbà tí ó wá sílé kẹ́yìn, mo ṣàlàyé bí èyí tí mo mọ̀ nígbà náà ṣe mọ. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá béèrè pé, "Ta ni yóò wá lọ sọ fún un?" Kò sí ẹni tí ó lè lọ mọ́. A lọ sí ibojì rẹ̀, a tọrọ àforíjì fún un, a sì tọrọ fún ara wa. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ ilé kéwú mi kan bá sọ fún mi pé ayé ni ó ṣe bàbá òun, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í: "Kí ni dókítà wí?"

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá lóore, kí Ó sì fún wa ní ọkàn tí yóò lò ó kí ó tó pẹ́ jù.